Gíláàsì Gbígbẹ́ Nínú Iṣẹ́ Ọnà Òde-Òní

Gíláàsì gbígbẹ́ jẹ́ ẹ̀ka kan lára iṣẹ́ ọnà gíláàsì tí oníṣẹ́ ọnà ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní ibi iṣẹ́ tirẹ̀. Gíláàsì gbọ́dọ̀ ti tutù pátápátá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ló fi yàtọ̀ sí fífẹ́ àti dídà, tí wọ́n ń ṣe nídìí ìléru.

Ìbẹ̀rẹ̀

Ọdún 1962 ni wọ́n sábà máa ń kà sí ìbẹ̀rẹ̀ gíláàsì oníbi-iṣẹ́-kékeré. Ọdún náà ni Harvey Littleton, amọ̀kòkò tó ń kọ́ni ní Yunifásítì Wisconsin, àti Dominick Labino fi ìléru kékeré yọ́ gíláàsì ní Mùsíọ́ọ̀mù Toledo ní Amẹ́ríkà. Àwọn agbẹ́gíláàsì kò fi bẹ́ẹ̀ dúró de ìléru yẹn: ní 1876, John Northwood ti parí àwòkọ Ìkòkò Portland, ìkòkò gíláàsì àwọn ará Róòmù àtijọ́, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó gbẹ́ gíláàsì funfun títí tí àwọ̀ dúdú abẹ́ rẹ̀ fi yọ.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà gbẹ́ ẹ

Nínú iṣẹ́ àwo bàbà, àwo kékeré kan ni ẹ̀rọ ń yí, wọ́n á sì fi òróró tí wọ́n pò mọ́ lúbúlúbú òkúta líle pa etí rẹ̀. Bàbà fúnra rẹ̀ kò gé gíláàsì. Lúbúlúbú yẹn ló ń jẹ ẹ́. Ẹ̀rọ kì í kúrò lójú kan, gíláàsì ni oníṣẹ́ ń gbé wá sábẹ́ àwo. Àwo àti òróró máa ń bo ibi tó ń gbẹ́, nítorí náà yóò máa dúró nù ún kó tó rí ohun tó ṣe.

Wọ́n lè gbẹ́ àwòrán wọnú láti ẹ̀yìn. Ẹni tó bá wò ó láti iwájú á rí ojú ènìyàn tó yọ síta, bẹ́ẹ̀ ihò ni: ibi tí imú ti ga jù ni ihò ti jìn jù.

Benjamin Tilghman ló gba ìwé àṣẹ ní 1870 lórí fífi atẹ́gùn fẹ́ yanrìn lu gíláàsì. Wọ́n á fi táàpù tàbí rọ́bà bo gíláàsì, wọ́n á fi abẹ gé àwòrán sí i, ibi tó yẹ kó jìn jù ni wọ́n á sì kọ́kọ́ ṣí. Inú àpótí tí wọ́n sé ni wọ́n ti ń ṣe é, torí eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró. Ó yá ju àwo bàbà lọ, àmọ́ etí àwòrán rẹ̀ kì í sábà rọ̀ tó ti àwo.

Àwọn oníṣẹ́ ọnà

Nínú àwọn tó ń lo àwo, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Jiří Harcuba (1928–2013), ọmọ orílẹ̀-èdè Czech, ni ipa rẹ̀ pọ̀ jù. Ojú ènìyàn ló máa ń gbẹ́, pẹ̀lú ìlà díẹ̀ tó gbòòrò dípò kíka irun ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

John Hutton (1906–1978), ọmọ New Zealand, ló gbẹ́ àwọn ańgẹ́lì àti ẹni mímọ́ sára ògiri gíláàsì Kàtídírà Coventry, tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1962 kan náà. Gíláàsì náà tóbi ju ohun tí ènìyàn lè gbé wá sábẹ́ àwo. Òkúta ìlọ̀ tó so mọ́ ẹ̀rọ ọlọ́wọ́ ló gbé lọ bá a. Laurence Whistler (1912–2000) ní tirẹ̀ fín fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì Moreton ní Dorset.

Dale Chihuly, ọ̀kan lára àwọn tó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ gíláàsì Pilchuck sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1971, ni gbogbo ayé mọ̀ jù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìléru ni tirẹ̀. Preston Singletary, ọmọ ẹ̀yà Tlingit, ọ̀kan lára àwọn ọmọ onílẹ̀ Àríwá Amẹ́ríkà, pa fífẹ́ àti gbígbẹ́ pọ̀: wọ́n á fẹ́ gíláàsì aláwọ̀ méjì, yóò sì fi yanrìn gbẹ́ àwọ̀ òkè kúrò títí àwòrán ìran rẹ̀ yóò fi hàn.