Ẹrù tí ẹ kò mọ ìwúwo rẹ̀ kò lè dán ṣéènì búlọ́ọ̀kù wò

Ọmọ iṣẹ́ mẹ́rin ló dìrọ̀ mọ́ húùkù ṣéènì búlọ́ọ̀kù, irinṣẹ́ tí a ń fi ọwọ́ fa ṣéènì rẹ̀ láti gbé ẹrù sókè, lọ́jọ́ tí mo yà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, níbí ní Òṣogbo. Wọ́n ń fì síwá sẹ́yìn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wọn yíjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀ńjíníà, ṣé ẹ rí i? A ti dán an wò. Ó gbé gbogbo wọn."

Mo bẹ̀ wọ́n kí àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ ná. Tọ́ọ̀nù 2 ni wọ́n kọ sára ṣéènì búlọ́ọ̀kù yẹn, ìyẹn kílò 2,000. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ọmọ náà bá tó kílò 60, kílò 240 ni gbogbo wọn. Kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tí wọ́n kọ sí i lára. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ akẹ́rù ńlá ni wọ́n sì fẹ́ fi gbé lọ́sàn-án ọjọ́ náà, èyí tó lè tó tọ́ọ̀nù kan. Ká ní ṣéènì yẹn já nígbà tí wọ́n rọ̀ mọ́ ọn, orí àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni irin ì bá já lé. Ara èèyàn kì í ṣe ẹrù ìdánwò, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é níṣojú yín.

Ìdánwò irinṣẹ́ agbẹ́rù, yálà kréènì ni o, ṣéènì búlọ́ọ̀kù ni o, túmọ̀ sí pé ká gbé ẹrù tí a mọ ìwúwo rẹ̀ kọ́ ọ, ká wo ohun tó máa ṣe. Bí ẹ bá gbé ẹ́ńjìnnì àlòkù kan kọ́ ọ tí kò sì já, ohun tí ẹ mọ̀ kò ju pé ó gbé ẹ́ńjìnnì yẹn lọ. Ṣé kílò 400 ni àbí 900? Ẹ ò mọ̀. Bó bá wá di ọjọ́ tí ẹrù tó wúwo ju ìyẹn lọ dé, ojú ẹ̀rù ni ẹ ó fi máa wò ó.

Ẹrù ìdánwò tó dára jù ni irin dídà tí wọ́n ti fi òṣùwọ̀n wọ̀n, tí wọ́n kọ ìwúwo rẹ̀ sí lára, tó sì níwèé. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní in. Bẹ́ẹ̀, ìlú tó ní ilé-iṣẹ́ irin bíi Steel Rolling àti Machine Tools kò yẹ kó sọ pé òun ò mọ ọwọ́ irin. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa ò lówó irú irin bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ ká sọ ohun tí ọwọ́ lè tó.

Omi ni mo fẹ́ràn jù. Lítà omi kan, kílò kan ni. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí gbogbo wa fi ń pọn omi, kílò 25 ni omi inú rẹ̀. Ogójì irú rẹ̀ jẹ́ tọ́ọ̀nù kan gééré. (Ẹ bù ú dé ojú ìlà lítà 25, ẹ má bù ú dé ọrùn, nítorí ó máa ń gbà ju iye tí wọ́n kọ sí i lọ.) Táǹkì funfun onírin lára, èyí tó ń gba lítà 1,000, ṣe é lò dáadáa, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: wọn ò ṣe irin tó yí i ká láti fi gbé e kọ́ sókè. Ẹ gbé táǹkì náà lé orí pẹpẹ irin tó lágbára, kí ṣéènì ti ìsàlẹ̀ pẹpẹ gbé e. Kí ẹ sì ṣírò ìwúwo táǹkì àti ti pẹpẹ mọ́ ti omi. Bí táǹkì ò bá sì kún, omi inú rẹ̀ á máa bì síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹrù náà á máa mì. Ẹ gbé e jẹ́jẹ́.

Kọnkéré náà dára. Èyí tó bá jẹ́ mítà kan níbùú, lóròó àti ní gíga máa ń tó tọ́ọ̀nù 2.4. Bí ẹ bá dà á ní sẹ̀ǹtímítà 75 ní gbogbo ọ̀nà, tọ́ọ̀nù kan ni ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ rí yẹn. Síbẹ̀, ẹ gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó kọ nǹkan kan sí i lára. Irin òrùka tí ẹ máa fi gbé e gbọ́dọ̀ gba inú rẹ̀ lọ kó fi kọ́ irin tí ẹ tẹ́ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Èyí tí ẹ kàn tẹ̀ bọ orí kọnkéré tútù máa fà yọ. Ní ti iyanrìn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí òjò bá pa á, ìwúwo àná kọ́ ni tòní.

Ìwọ̀n wo ló yẹ? Ẹ ka ìwé ẹni tó ṣe é ná. Ìlànà Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní ASME B30, tí ọ̀pọ̀ wa ń tẹ̀ lé, ní ẹrù ìdánwò kò gbọdọ̀ kọjá 125% ohun tí wọ́n kọ sára irinṣẹ́. Ti tọ́ọ̀nù 2, tọ́ọ̀nù 2 àtààbọ̀ ni òpin rẹ̀. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ mọ ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Ẹrù tó pọ̀ jù lè sán ṣéènì níbi tí ojú ò rí, á gbé tòní, á já lọ́la. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń yẹ ṣéènì wò ní ojú kọ̀ọ̀kan kí n tó gbé ẹrù, tí mo sì tún máa ń yẹ ẹ́ wò lẹ́yìn rẹ̀. Húùkù tí ẹnu rẹ̀ ti ń yà, mi ò tilẹ̀ ní gbé ẹrù kọ́ ọ.

Ohun tí irinṣẹ́ náà rọ̀ mọ́ ńkọ́? Ẹ̀ka igi máńgòrò tí ẹ so ó mọ́, ta ló dán an wò? Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wẹ́dà jó fún yín, ṣé ẹ fi ṣéènì so ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ kó má ya? Bí ẹ bá sì fi ṣéènì méjì gbé ẹrù kan, ẹ má jẹ́ kó là jù. Ẹ rántí bí ẹni méjì ṣe ń gbé garawa omi láàárín ara wọn: bí wọ́n bá sún mọ́ra, ó fúyẹ́, bí wọ́n bá jìnnà síra, apá á máa ro wọ́n. Bí ṣéènì méjì bá là débi pé igun tó wà láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn àti ìbú ilẹ̀ jẹ́ díígírì 30 péré, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń fa ìwúwo gbogbo ẹrù náà.

Òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ní kí ẹni tí ìjọba fọwọ́ sí yẹ ṣéènì àti okùn agbẹ́rù wò ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà, kí ti kréènì má sì kọjá oṣù 14.

Mo ṣe ìdánwò gidi fún ọ̀gá yẹn lọ́jọ́ kejì. A fi omi ṣe é, a gbé ìdajì ná, lẹ́yìn náà a gbé tọ́ọ̀nù 2 kúrò nílẹ̀ díẹ̀, bí àtẹ́lẹwọ́ kan. Mo lé gbogbo èèyàn jìnnà. Mo fi ẹfun sàmì sí ìdí ẹrù, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 12 sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 9 ló kù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá náà dákẹ́, ó ń wo téèpù.

A tú u. Ọ́ìlì ló wà lójú pẹpẹ bíréèkì inú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kan ló ń ta ọ́ìlì sí gbogbo ibi tó bá ti ríhò, torí wọ́n ní kó máa tọ́jú irinṣẹ́. Ṣéènì ló ń fẹ́ ọ́ìlì. Ojú bíréèkì gbọ́dọ̀ gbẹ. A pààrọ̀ pẹpẹ náà, a tún gbé tọ́ọ̀nù 2 kọ́ ọ, lẹ́yìn náà 2 àtààbọ̀. Sẹ̀ǹtímítà 12, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, 12. Ọ̀gá náà fi ọ̀dà funfun kọ ọjọ́ ìdánwò sí i lára, ó sì ní kí àwọn ọmọ náà wá kà á sétí òun.