Fífà ni ayùn orí ọ̀pá fi ń gé igi, kì í ṣe títì

Ọ̀pọ̀ agbo ilé ní Ìlọrin ló ní igi máńgòrò kan tó ti dàgbà ju ilé lọ. Ẹ̀ka rẹ̀ á ti nà dé orí páànù. Bí ìjì tó máa ń ṣíwájú òjò àkọ́rọ̀ bá dé, àwọn tó sùn sábẹ́ páànù náà á máa gbọ́ bí ẹ̀ka ṣe ń ha á títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ìgbà náà ni wọ́n á tó wá ẹni tí yóò bá wọn gé e. Ẹnì kan á kó àdá, á gun igi. Ẹlòmíràn á gbé àkàbà ti ìtì igi. Ẹni kẹta á dúró sórí ilẹ̀, á mú ọ̀pá gígùn tí ayùn wà lórí rẹ̀. Ẹni kẹta yìí ni ọ̀rọ̀ dá lé, nítorí pé ọgbọ́n kan wà nínú irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò kíyè sí.

Irinṣẹ́ náà kò ṣòro ó júwe. Ọ̀pá ni, ó gùn tó mítà 3 sí 6, ó lè jẹ́ alumíníọ̀mù, fáíbà tàbí ọparun, ayùn tó tẹ̀ bíi dòjé ló sì wà lórí rẹ̀. Ó tán.

Ohun tó ń dun ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí ni ayùn kápẹ́ńtà tí wọ́n so mọ́ ọparun. Wọ́n á fi rọ́bà tí wọ́n gé lára túùbù táyà dè é gírígírí, wọ́n á gbé e sókè, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Ọparun á tẹ̀ kọrọdọ. Ayùn á há sínú igi. Bí wọ́n bá fà á padà, kò ní gé nǹkan kan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, òógùn ti bo gbogbo ara, ojú ibi tí wọ́n gé kò tíì jìn ju èékánná lọ. Wọ́n á ní ayùn ti kú. Ayùn náà kò kú rárá. Ẹ wo eyín ayùn kápẹ́ńtà dáadáa: gbogbo wọn ló dojú kọ iwájú, wọ́n kẹ̀yìn sí ọwọ́ tó mú un. Ìgbà tí kápẹ́ńtà bá ń tì í lọ ló ń gé pákó. Ìgbà tó bá ń fà á bọ̀, ó kàn ń padà wá tún ẹsẹ̀ mú ni. Ti ayùn orí ọ̀pá yàtọ̀. Ẹni tó dúró nílẹ̀ ni eyín rẹ̀ dojú kọ.

Ara ọ̀pá ni ìdí rẹ̀ wà. Mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, fi orí rẹ̀ kan ògiri, kí o sì tì í: á tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Di orí rẹ̀ méjèèjì mú, kí o fà á: kò ní tẹ̀, ó sì máa gba agbára kó tó já. Bí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bá ṣe gùn sí ni títì á ṣe máa tẹ̀ ẹ́ sí, kì í sì í ṣe díẹ̀díẹ̀. Bí ọ̀pá méjì bá nípọn bákan náà, tí ọ̀kan jẹ́ mítà 3, tí èkejì jẹ́ mítà 6, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tó lè tẹ ti mítà 3 ti tó láti tẹ ti mítà 6. Ẹni tó bá fẹ́ ti ayùn ní òkè yẹn, ọ̀pá ló ń bá jà, kò tíì dé ọ̀dọ̀ igi.

Àwọn ahunṣọ Ìlọrin ti mọ èyí tipẹ́. Ẹni tó bá ti dúró níwájú òfì rí ti rí bí òwú ṣe ń nà gbọọrọ jáde níwájú ahunṣọ, tó gba àárín àgbàlá kọjá, tí wọ́n sì fi nǹkan wúwo, òkúta lọ́pọ̀ ìgbà, dè é mọ́lẹ̀ ní òpin. Òkúta yẹn ló ń fa òwú le. Òwú tí ọmọdé lè fi ìka méjì já á wá nà tantan, á gba lílù láti àárọ̀ dalẹ́. Bí ahunṣọ ti ń hun ún, aṣọ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ̀, òkúta náà ń wọ́ tẹ̀ lé e bọ̀ ní ìwọ̀n ìka kan sí ìka kan. Gbogbo agbára tó wà nínú òfì, fífà ni. Bí wọ́n bá gbé òkúta yẹn kúrò, òwú á ṣubú, á lọ́ mọ́ra, kò sí ọwọ́ tó lè fi í hun nǹkan mọ́. Ọ̀pá tó gùn tó mítà 6, tó sì tẹ́ẹ́rẹ́ débi tí ènìyàn kan lè gbé e, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwú. Ẹni tó ṣe ayùn rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì bá a lò bí òwú. Ìdí nìyẹn tí irin ayùn náà fi lè jẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́: irin tí a ń fà kò nílò kó nípọn kó má bàa ká.

Àwọn kan tiẹ̀ máa ń tú ọwọ́ ayùn kápẹ́ńtà kúrò, wọ́n á dè é ní ìdàkejì kí eyín rẹ̀ lè dojú kọ wọ́n. Ó sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ayùn kápẹ́ńtà tọ́ gbọnrangandan. Bí wọ́n ti ń fà á ni yóò máa yọ̀ kúrò lórí ẹ̀ka. Títẹ̀ tí ayùn orí ọ̀pá tẹ̀ bíi dòjé ló ń mú kó di ẹ̀ka mú. Bí wọ́n ti ń fà á wálẹ̀ ni ikùn rẹ̀ ń fún mọ́ igi.

Ẹ wo ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Kì í dúró sábẹ́ ẹ̀ka; ó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀pá fì sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ikùn ayùn lé orí ẹ̀ka, ó jẹ́ kó jókòó. Kò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, nítorí pé ìwúwo ọ̀pá fúnra rẹ̀ ló ń tẹ eyín ayùn mọ́ igi. Ó fà á wálẹ̀, gbọọrọ, gbogbo gígùn ayùn ló lò. Ó gbé e padà pẹ̀lẹ́. Ó tún fà á. Lẹ́búlẹ́bú tó kọ́kọ́ ń já bọ́ dúdú, èèpo nìyẹn. Lẹ́yìn náà ló di funfun bíi gàrí, ó ń bọ́ sórí ewé ìsàlẹ̀, ó ń bọ́ sórí awò tó fi bojú. Kò yára. Bó bá gbọ́ tí ẹ̀ka ké "kẹ́" lẹ́ẹ̀kan, ó dúró, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ọmọdé kankan ò sí níbẹ̀, kó tó tún fà.

Fún ẹ̀ka wẹ́wẹ́ tí kò nípọn ju àtàǹpàkò lọ, irú kan wà tí àlùmọ́gàjí wà lórí rẹ̀ dípò ayùn. Wọ́n á fi ìkọ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka, wọ́n á fa okùn nílẹ̀, ẹnu àlùmọ́gàjí á pa dé. Okùn náà gba inú kẹ̀kẹ́ kékeré kọjá kí agbára tó ń fà á lè di púpọ̀ lókè. Òkodoro kan náà ni: kò sẹ́ni tó lè fi okùn ti nǹkan.

Ṣùgbọ́n gígé nìkan kọ́ ni iṣẹ́. Ẹ̀ka máńgòrò tútù tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 10, tó sì gùn tó mítà 3, lè wọn 20 kílò láìtíì ka ewé àti èso. Ìyẹn kò jìnnà sí ìdajì àpò sìmẹ́ǹtì. Bó bá já láti òkè mítà 5, eré tó máa fi balẹ̀ tó kìlómítà 36 ní wákàtí kan, bí ọ̀kadà tó ń sáré ládùúgbò. Bí wọ́n bá sì gé irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ láti òkè nìkan, nídìí ìtì gan-an, kò ní dúró kí ayùn gé e tán. Á wó nígbà tó bá ku díẹ̀, á sì bó èèpo ìtì wálẹ̀ bí ẹni bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, nígbà mìíràn ó máa ń gùn tó apá ènìyàn. Nítorí náà, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń gé e. Wọ́n á kọ́kọ́ gé e díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tó jìnnà sí ìtì tó sẹ̀ǹtímítà 30. Wọ́n á tún wá gé e láti òkè, síta díẹ̀ sí ti àkọ́kọ́, ẹ̀ka á sì já láìbó nǹkan kan. Èyí tó kù lára ìtì, kúkúrú tí kò wúwo mọ́, ni wọ́n á gé ní ẹ̀ẹ̀kẹta.

Ẹ̀ẹ̀kẹta yìí ni wàhálà wà. Onílé á dúró sílẹ̀, á máa nawọ́: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gé e kó dan mọ́ ara igi, kó má yọ síta." Ó jọ iṣẹ́ mímọ́. Iṣẹ́ tó ń pa igi láti inú ni.

Ẹ wo ibi tí ẹ̀ka ti jáde lára ìtì. Ó máa ń wú díẹ̀, èèpo ibẹ̀ á ká jọ bí ọrùn ọwọ́ ọmọ tó sanra. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ọrùn ẹ̀ka. Ìtì ló ni ibẹ̀, kì í ṣe ẹ̀ka. Télọ̀ tí wọ́n ní kó yọ apá bùbá kúrò, ojú ibi tí wọ́n ti rán an ló máa tú. Bó bá gé wọ inú ara aṣọ kó lè dan, ihò tó máa dá sílẹ̀ á ju apá lọ. Bó bá sì fi ìdajì apá sílẹ̀, á máa fì lásán. Iwájú ọrùn ẹ̀ka gẹ́lẹ́ ni ojú rírán igi.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn onímọ̀ igi òkè òkun gan-an ló ń kọ́ni pé kó dan. Alex Shigo, ará Amẹ́ríkà tó bá iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó igbó níbẹ̀ ṣiṣẹ́, fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì la ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú wọn lẹ́yìn ọgbẹ́. Ohun tó rí, tí òun àti ẹnìkejì rẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní 1977, ni pé ọgbẹ́ igi kì í jiná bí ti ènìyàn. Ara ènìyàn máa ń tún ibi tó bàjẹ́ ṣe. Igi kì í tún un ṣe. Ògiri ló máa ń mọ yí i ká.

Ẹ fojú inú wo agbo ilé tí iná sọ nínú yàrá kan, tí àwọn ará ilé ò sì ní omi. Wọ́n á fi bíríkì dí ọ̀nà. Ògiri àkọ́kọ́ dí òkè àti ìsàlẹ̀, òun sì ni agbára rẹ̀ kéré jù, nítorí pé ojú ọ̀nà tí omi ń gbà gòkè nínú igi nìyẹn, kò rọrùn láti dí. Ìkejì kò jẹ́ kó wọ inú lọ. Ìkẹta kò jẹ́ kó tàn sí ẹ̀gbẹ́. Ìkẹrin ni igi tuntun tó hù lẹ́yìn ọgbẹ́, òun ló lágbára jù: bí ìgbà tí àwọn ará ilé kọ́ yàrá tuntun yí ti àtijọ́ ká, tí wọ́n kó lọ síbẹ̀, tí wọ́n sì fi yàrá tó jóná sílẹ̀ sáàárín títí láé. Inú ọrùn ẹ̀ka ni igi kó èyí tó pọ̀ jù nínú ohun èlò ògiri yìí sí, fún ọjọ́ tí ẹ̀ka bá kú. Ẹni tó gé e kó dan ti gé bíríkì àti bíríkìlà dànù pọ̀. Ẹni tó fi kùkùté gígùn sílẹ̀ náà kò ṣe dáadáa, torí igi tuntun kò lè gùn ún kọjá. Á kú, á jẹrà, á di ọ̀nà tí olú máa gbà wọ ìtì. Ọ̀dà tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ń fi kun ojú ọgbẹ́ kò dá jíjẹrà dúró. Ẹ fi sílẹ̀ kó gbẹ.

Ibí yìí gan-an ni àbùkù ayùn orí ọ̀pá wà. Iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́ ló mọ̀ ọ́n ṣe. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹni tó wà nílẹ̀ ń wo ọrùn ẹ̀ka láti ìsàlẹ̀ mítà 5, ewé ń dí i lójú, ayùn ń mì. Ìka kan síta sàn fíìfíì ju ìka kan sínú lọ. Ẹ̀ka tó bá sì nípọn ju apá ọkùnrin lọ, kí wọ́n pe ẹni tó mọ igi gùn pẹ̀lú okùn.

Gígùn rẹ̀ tó jẹ́ èrè náà ló tún jẹ́ ewu. Láti Ìlọrin títí dé Ọ̀mù-Àrán, wáyà iná máa ń gba àárín ewé dóńgóyárò kọjá, èyí tó ń gbé iná tó lágbára tó 11,000 fóòtì sì wà nínú wọn. Alumíníọ̀mù ń gbé iná. Ọparun tútù ń gbé iná. Fáíbà tó bá dọ̀tí, tó sì tutù, kò ṣeé fọkàn tán. Bí ẹ̀ka tàbí orí ọ̀pá bá lè dé ibi tí kò tó mítà 3 sí wáyà, kí àwọn oníná wá pa iná kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀pá sókè.

Ti àsìkò kò gùn. Nígbà ọyẹ́ ni máńgòrò máa ń yọ òdòdó, orí ẹ̀ka tó ti gbó ló sì ti ń yọ ọ́. Ẹni tó gé e ní oṣù kọkànlá, èso ọdún tó ń bọ̀ ló gé. Lẹ́yìn tí èso bá tán lórí igi, ní nǹkan bí oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ló dára jù. Kí wọ́n wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn, oje rẹ̀ máa ń jó ara.

Lẹ́yìn ọdún kan tàbí méjì, ẹ lè padà lọ wo ojú ibi tí wọ́n gé. Bí wọ́n bá gé e síwájú ọrùn ẹ̀ka, igi tuntun á ti wú yí ọgbẹ́ ká, róbótó bí òrùka, ó ń pa dé láti gbogbo ẹ̀gbẹ́ bákan náà. Bí wọ́n bá gé e kó dan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì nìkan ló máa wú. Òkè àti ìsàlẹ̀ á là sílẹ̀. Lára máńgòrò àtijọ́ tó wà káàkiri GRA Ìlọrin, ènìyàn lè dúró sílẹ̀ kó máa fi ojú kà á, ọgbẹ́ kan tẹ̀ lé òmíràn, ẹni tó mọ ọrùn ẹ̀ka àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.