Bí Hilux Ṣe Ń La Omi Jíjìn Kọjá, àti Ohun Tó Ń Pa Ẹ́ńjìnnì Sínú Rẹ̀

Imú ni mọ́tò fi ń kú sínú omi. Táyà lè rì, omi lè dé ìdajì ilẹ̀kùn, kí ẹ́ńjìnnì ṣì máa ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọ ihò tí ẹ́ńjìnnì ń gbà fa afẹ́fẹ́, ìrìn parí nìyẹn. Nínú Hilux àti ọ̀pọ̀ píkọ́ọ̀pù tó jọ ọ́, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ihò yìí wà, nítòsí iná iwájú, kò sì ga tó bí ojú ṣe ń rò ó. Ibẹ̀ ló yẹ kí awakọ̀ kọ́kọ́ wá rí, kó mọ ibi tó dé, kó tó ronú kan omi rárá.

Toyota sọ pé Hilux òde òní lè la omi tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 70 kọjá. Ford pe ti Ranger ní 80. Iye wọ̀nyí ló ń kó àwọn awakọ̀ kan sí wàhálà ní Lẹ́kí àti Ajá lásìkò òjò, torí pé wọ́n gbọ́ iye náà, wọn ò gbọ́ àdéhùn tó rọ̀ mọ́ ọn: omi tó dúró sójú kan, ilẹ̀ tó le lábẹ́ rẹ̀, àti ìrìn jẹ́jẹ́. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí wọ́n gbàgbé iye náà.

Nínú sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ihò tí epo ti ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, písítìnì, irin tó ń lọ sókè sódò níbẹ̀, a máa fa afẹ́fẹ́ wọlé, a sì gòkè wá fún un pọ̀. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀. Omi kò ṣeé fún pọ̀. Bí písítìnì bá ń gòkè bọ̀ tó bá omi pàdé, irin tó so ó mọ́ kiráńkì, ọ̀pá tí písítìnì ń yí, ló máa tẹ̀. Ìgbà mìíràn irin náà a ṣẹ́, a sì dá ihò sí ara ẹ́ńjìnnì. Àwọn kan máa ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì kì í bẹ̀rù omi, nítorí pé kò ní púlọ́ọ̀gì tí omi lè pa iná rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò ní púlọ́ọ̀gì. Ṣùgbọ́n àyè tí dísẹ́ẹ̀lì ń fún afẹ́fẹ́ mọ́ kéré ju ti pẹtiróòlù lọ, débi pé omi ṣíbí ìjẹun mẹ́rin péré lè kún inú rẹ̀. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá kú sínú omi, awakọ̀ ò gbọdọ̀ sítáàtì rẹ̀ mọ́. Kí wọ́n fà á jáde, kí mẹkáníìkì tú nọ́sù tó ń wọ́n epo bó bá jẹ́ dísẹ́ẹ̀lì, tàbí púlọ́ọ̀gì bó bá jẹ́ pẹtiróòlù, kó fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì kí omi tú jáde. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì tí omi ò tíì bà jẹ́, sítáàtì ẹlẹ́ẹ̀kejì yẹn ló pa á.

Nínú omi tó dúró, ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni ìgbì. Bí mọ́tò bá rọra wọ omi, tó sì ń lọ ní ìwọ̀n kan náà, imú rẹ̀ a máa ti ìgbì kékeré kan síwájú. Lẹ́yìn ìgbì yẹn, omi a lọ sílẹ̀ díẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ́ńjìnnì a sì rí àyè mí. Bí awakọ̀ bá sáré, yóò gun ìgbì náà, omi á bo bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá dúró, ìgbì á padà wá bo ẹ́ńjìnnì. Kìlómítà 5 tàbí 6 ní wákàtí kan ti tó, bí ẹni ń fẹsẹ̀ rìn. Kí a tó wọ omi la ti ń fi mọ́tò sí 4L, ìyẹn ipò tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fi agbára yí jẹ́jẹ́, nínú jíà kìíní tàbí ìkejì, a ò sì ní yí i títí a ó fi jáde, nítorí pé títẹ kílọ́ọ̀ṣì láàárín omi lè jẹ́ kí omi wọ inú rẹ̀, kó máa yọ̀. Bí danfo bá ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, kó kọjá ná. Ìgbì tirẹ̀ nìkan lè gbé omi dé ibi tí a ò fẹ́. Kí gíláàsì wà nísàlẹ̀, kí ilẹ̀kùn má sì wà ní títì, torí pé ohun tó ń lo iná mọ̀nàmọ́ná lè kọ iṣẹ́ nígbàkígbà nínú omi.

Píkọ́ọ̀pù tún ní àléébù kan tí jíìpù ò ní tó o: ẹ̀yìn rẹ̀ fúyẹ́. Ẹ́ńjìnnì ló tẹ iwájú mọ́lẹ̀. Bí ẹ̀yìn bá ṣófo, ẹ̀yìn ni omi ń kọ́kọ́ gbé, táyà ẹ̀yìn a sì máa yí lásán.

Ọ̀rọ̀ omi tó ń ṣàn yàtọ̀ pátápátá. Omi tó kún àyè mítà kan níbùú, lóòró àti ní jíjìn wúwo tó tọ́ọ̀nù kan. Bí ìyára rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, agbára tó fi ń ti mọ́tò di ìlọ́po mẹ́rin. Àjọ tó ń rí sí ojú ọjọ́ ní Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ pé omi tó ń ṣàn, tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, lè gbé ọkọ̀ kékeré lọ, àti pé 60 lè gbé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọkọ̀, píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú. Ẹ fi 60 yìí wé 70 tí Toyota sọ. Mọ́tò tí omi adágún ò lè rì, omi tí kò jìn tó bẹ́ẹ̀ lè gbé e lọ bó bá ń sáré. Fún omi tó ń ṣàn gba orí títì, kò sí ọgbọ́n awakọ̀ kankan: ká padà, tàbí ká dúró kó fà.

Ìbàdàn mọ èyí dájú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá gbé afárá lọ níbẹ̀, ẹ̀mí tó ju 100 lọ sì ṣòfò. Ẹni tó bá dúró létí omi tó bo afárá kò lè mọ̀ bóyá afárá náà ṣì wà lábẹ́. Nínú omi tó dúró pàápàá, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà níbẹ̀ tí ojú ò lè rí. Bí omi náà ò bá ju orúnkún lọ, tí kò sì sí wáyà iná tó já sínú rẹ̀, kí ẹnì kan fi ọ̀pá wọn ilẹ̀ níwájú kí mọ́tò tó tẹ̀ lé e.

Bí a bá jáde tán, bíréèkì ò ní mú dáadáa títí yóò fi gbẹ. A máa ń rọra tẹ̀ ẹ́ léraléra bí a ṣe ń lọ. Ọ́ìlì dífíríńṣà, àpótí jíà tó ń pín agbára fún táyà, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ó ti gbóná kó tó wọ omi. Bí omi bá pa á tutù lójijì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a súnkì, a sì fa omi wọlé láti ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti gbó. Kí mẹkáníìkì tú u wò láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bó bá ti funfun bíi mílíìkì, kí wọ́n dà á nù, kí wọ́n rọ tuntun kí bèárìn tó dípẹtà.