Ìṣọ́ra Tí Kì Í Dúró De Èsì Àyẹ̀wò

Lóṣù kìíní ọdún 1969, wọ́n gbé nọ́ọ̀sì míṣọ́nnárì kan, Laura Wine, láti ìlú Lassa tó wà ní ìpínlẹ̀ Borno lónìí lọ sí ilé ìwòsàn ní Jos. Kò sẹ́ni tó mọ irú ibà tó ń ṣe é. Charlotte Shaw, nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, wé gọ́ọ̀sì mọ́ ìka ara rẹ̀, ó fi nu ẹnu Wine. Ẹ̀gún òdòdó róòsì sì ti gún Shaw ní ìka yẹn ṣáájú. Wine kú. Kò pé oṣù kan tí Shaw náà kú. Ẹ̀yìn ikú àwọn méjèèjì ni wọ́n tó rí fáírọ́ọ̀sì náà, tí wọ́n fi orúkọ ìlú Lassa pè é.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì pé kó ka ẹ̀jẹ̀ àti omi ara gbogbo aláìsàn sí ohun tó lè kó àrùn ranni. Bí ibà lásán ni ibà Lassa ṣe ń bẹ̀rẹ̀: ara gbígbóná, orí fífọ́, àárẹ̀. Kí èsì àyẹ̀wò tó dé, wọ́n á ti fa dírípù sí aláìsàn lára, wọ́n á ti palẹ̀ èébì rẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni mo fẹ́ ṣe, kí ló sì lè kàn mí lára? Bó bá jẹ́ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ló fẹ́ wọ̀n, ọwọ́ mímọ́ tó, bí ara aláìsàn kò bá ní egbò. Bó bá fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀, ó di ìbọ̀wọ́. Bó bá jẹ́ ìgbẹ̀bí, níbi tí omi ti lè ta síni lójú, ó nílò épírónù, ìbomú àti awò ìdáàbòbò pẹ̀lú.

Ìgbà márùn-ún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí a máa fọ ọwọ́: kí a tó fọwọ́ kan aláìsàn, kí a tó ṣe iṣẹ́ tó gba ìmọ́tótó pátápátá, bí ìwẹgbò, lẹ́yìn tí omi ara bá kàn wá, lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan aláìsàn, àti lẹ́yìn tí a bá fọwọ́ kan ohun tó yí i ká. Ìkẹyìn yìí ló rọrùn jù láti gbàgbé, torí irin ibùsùn kì í dà bí ohun tó ní kòkòrò lára. Sanitáísà gba ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30, ọṣẹ àti omi gba 40 sí 60. Bí ìdọ̀tí bá hàn lọ́wọ́, ọṣẹ àti omi ni.

Ìbọ̀wọ́ kì í ṣe arọ́pò ọwọ́ fífọ̀. Ó lè ní ihò tí ojú kò rí, ọwọ́ sì lè kó ìdọ̀tí nígbà tí a bá ń bọ́ ọ. Ẹni tó bá sì wọ ọ̀kan láti ibùsùn dé ibùsùn ń kó àrùn kiri wọ́ọ̀dù ni.

Abẹ́rẹ́ tí a ti lò, a kì í dé e padà. Inú àpótí abẹ́rẹ́ ló ń lọ tààrà, wọn kì í sì í jẹ́ kí àpótí náà kún kọjá ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Bí abẹ́rẹ́ bá gúnni, kí a fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ láìfún un, kí a sì sọ fún ọ̀gá wọ́ọ̀dù lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń dákẹ́ torí ìbẹ̀rù ìbáwí, ìdákẹ́ yẹn sì léwu gidigidi: oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 72, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dára tó.