Wáyà Mẹ́wàá, Líìdì Méjìlá: Kí Ni ECG Ń Wò Lára Ọkàn?

Wáyà mẹ́wàá ni wọ́n lẹ̀ mọ́ mi lára nígbà tí wọ́n fẹ́ fi ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná ọkàn bí ìlà sórí bébà, yẹ ọkàn mi wò, síbẹ̀ wọ́n ní líìdì méjìlá ni. Níbo ni méjì tó lé ti wá?

Líìdì kì í ṣe wáyà. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń dojú rú. Ìyàtọ̀ agbára iná láàárín ibi méjì lára ni à ń pè ní líìdì. Láti ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì, líìdì I nìyẹn. Ọwọ́ ọ̀tún sí ẹsẹ̀ òsì, líìdì II. Ọwọ́ òsì sí ẹsẹ̀ òsì, líìdì III. Ẹ̀rọ á tún mú ọ̀kan nínú ibi mẹ́ta wọ̀nyí, á fi wé àròpín méjì yòókù: aVR, aVL àti aVF nìyẹn. Ibi mẹ́ta ti bí líìdì mẹ́fà. Wáyà mẹ́fà tó wà láyà ní tiwọn, V1 dé V6. Ti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò bá wọn ka líìdì kankan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti pa ariwo iná tó bá fẹ́ da ìlà rú.

Ọkàn kan náà ni. Kí ló dé tí ìlà aVR fi dorí kodò?

Bí ènìyàn bá ń rìn lọ, ẹni tó dúró níwájú rẹ̀ á rí ojú rẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á rí ìpàkọ́. Iná ọkàn sábà máa ń ti òkè lápá ọ̀tún sọ̀ kalẹ̀ sí apá òsì. Bó bá ń bọ̀ wá bá ojú pósítíìfù líìdì, ìyẹn ibi tí líìdì ti ń wo iná, ìlà á gòkè. Bó bá ń lọ, ìlà á wálẹ̀. Bó bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, á gòkè díẹ̀, á sì wálẹ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ òsì ni ojú pósítíìfù líìdì II wà, ọwọ́ ọ̀tún ni ti aVR. Ìpàkọ́ ni aVR ń rí, kò sì sí àìsàn nínú ìyẹn. Bí mo bá rí aVR tó nàró, tí líìdì I wá dorí kodò, wáyà ọwọ́ méjèèjì ni n ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bóyá wọ́n ti gbé ti ọ̀tún fún òsì.

Lórí ìlà náà, apá tí wọ́n ń pè ní QRS ni ìgbà tí iná ń tàn ká ìsàlẹ̀ ọkàn, apá T ni ìgbà tí iná náà ń kúrò. Òdìkejì ara wọn ni. Èé ṣe tí méjèèjì fi máa ń gòkè?

Ìbéèrè tó dùn mọ́ mi jù nìyí. Inú ògiri ọkàn ni iná ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń bọ̀ síta. Ṣùgbọ́n àwọn sẹ́ẹ̀lì ìta tó gbà á kẹ́yìn ló ń kọ́kọ́ tú u sílẹ̀, nítorí náà ìtusílẹ̀ ń ti ìta wọlé. Iṣẹ́ náà yí padà, ọ̀nà náà yí padà: òdì pàdé òdì, ìlà sì gòkè. Ká ní ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń gbà, T ì bá dorí kodò.

Ṣé mo lè fi ojú ara mi dán èyí wò lórí bébà?

Bẹ́ẹ̀ ni. Willem Einthoven, ará Netherlands tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1924, ló fi hàn pé I pẹ̀lú III ń jẹ́ II. Omi iyọ̀ inú korobá làwọn tó yẹ̀ wò máa ń ki ọwọ́ àti ẹsẹ̀ bọ̀ nígbà náà. Lórí bébà òde òní, mìlímítà 10 lókè jẹ́ mìlífóòtì 1, mìlímítà 25 níbùú jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 1. Mú àkókò kan náà gan-an nínú líìdì mẹ́ta: bí I bá ga ní 5, tí III ga ní 4, II gbọ́dọ̀ jẹ́ 9.