Ìrìn ẹsẹ̀ àti gígun kẹ̀kẹ́ nínú Igbó Epping

Igbó Epping jẹ́ igbó àtijọ́ kan tí òfin dáàbò bò ní orílẹ̀-èdè England. Ó bẹ̀rẹ̀ láti àdúgbò Manor Park àti Wanstead ní ìlà-oòrùn London, ó sì gba apá àríwá lọ títí dé ẹ̀bá ìlú Epping ní Essex. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 19, ṣùgbọ́n ibi tó fẹ̀ jù níbẹ̀ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 4 lọ. Gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi hẹ́kítà 2,400. City of London Corporation, ìjọba ìbílẹ̀ tó ń ṣàkóso àárín gbùngbùn London, ló ń tọ́jú rẹ̀ láti ọdún 1878. Ẹnikẹ́ni lè wọ ibẹ̀ láìsan owó ìwọlé, kò sì sí ògiri tó yí i ká. Orúkọ kan tí wọ́n ń pè é látijọ́, Waltham Forest, ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ tí Walthamstow, Leyton àti Chingford wà lábẹ́ rẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń gbé. Nítorí náà, bọ́ọ̀sì kan péré ló wà láàárín ọ̀pọ̀ nínú wọn àti ibi tí èèyàn ti lè dá rìn fún wákàtí mẹ́ta láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀.

Ilẹ̀ àti igi

Orí òkè gbọọrọ kan ni igbó náà wà, láàárín odò Lea àti odò Roding. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ lókè rẹ̀, amọ̀ ló pọ̀ nísàlẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe dáadáa fún oko, èyí sì wà lára ohun tí kò jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ ti ro ó tán láti ọjọ́ pípẹ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún adágún omi tó wà níbẹ̀, ihò tí wọ́n ti wa òkúta wẹ́wẹ́ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ tẹ́lẹ̀.

Igi mẹ́ta ló gba ibẹ̀ kan: beech, hornbeam àti óákù. Ẹni tó kọ́kọ́ débẹ̀ máa ń dúró wo ìrísí wọn, torí wọn kò jọ igi igbó mìíràn. Ìdí igi máa ń ki, ó máa ń rí kókó-kòkò-kókó, ṣùgbọ́n bó bá ga ju orí èèyàn lọ díẹ̀, yóò pín lẹ́ẹ̀kan náà sí ẹ̀ka ńláńlá bí ìka ọwọ́, tí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan sì tó igi ní àyè ara rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ èèyàn ni. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, àwọn ará abúlé ń gé orí igi wọ̀nyí fún ìdáná lẹ́yìn ọdún mélòó kan síra. Ìdí tí wọ́n fi ń gé e lókè ni kí màlúù àti àgbọ̀nrín má lè na ẹnu kan ọ̀mùnú tó bá ń rú. Nígbà tí òfin fi òpin sí igi gígé, àwọn ẹ̀ka tó wà lórí nígbà náà kò rí àdá mọ́, wọ́n sì dàgbà lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn ògbólógbòó igi tí wọ́n ti gé lórí rí lé ní 50,000 níbẹ̀, díẹ̀ nínú wọn sì ti pé ọgọ́rùn-ún ọdún lọ́nà mélòó kan. Nítorí wọn, àti nítorí kòkòrò pẹ̀lú olú tó ń gbé ara igi tó ń jẹrà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta igbó náà ni òfin pín sí ibi tí a kò gbọdọ̀ ba ẹ̀dá rẹ̀ jẹ́.

Bí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ṣe dúró

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni Epping ti jẹ́ igbó ọba. Yorùbá mọ irú orúkọ yìí, nítorí igbó ọba náà làwọn àgbẹ̀ wa ń pe igbó tí ìjọba fi òfin dè. Ní England, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọba nìkan, tàbí ẹni tó bá fún láṣẹ, ló lè pa àgbọ̀nrín níbẹ̀. Ní 1543, wọ́n kọ́ ilé onígi kan sí Chingford fún Ọba Henry Kẹjọ kí ó lè máa wo ọdẹ láti òkè. Ilé náà ṣì wà, orúkọ ọmọ rẹ̀ obìnrin, Elizabeth Kìíní, ni wọ́n sì ń fi pè é. Ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé náà ní ẹ̀tọ́ tiwọn tí ọba kò lè gbà lọ́wọ́ wọn: wọ́n lè da màlúù níbẹ̀, wọ́n sì lè gé ẹ̀ka igi. Ní Loughton, abúlé kan ní ẹ̀bá igbó náà, ọ̀gànjọ́ òru 11 Oṣù Kọkànlá ni igi gígé máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì máa ń parí ní 23 Oṣù Kẹrin.

Ní 1865, John Whitaker Maitland, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ àti olóyè onílẹ̀ Loughton papọ̀, fi ọgbà yí nǹkan bíi hẹ́kítà 500 ká nínú igbó náà. Thomas Willingale, òṣìṣẹ́ agégi kan ní abúlé náà, kò gbà. Ó ń gé igi rẹ̀ lọ bó ṣe máa ń gé e. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ti àwọn kan nínú ẹbí rẹ̀ mọ́ ẹ̀wọ̀n nítorí igi tí wọ́n gé. Ẹgbẹ́ Commons Preservation Society, tó ń jà fún ilẹ̀ tí gbogbo ará ìlú jọ ń lò, tí wọ́n sì dá sílẹ̀ ní 1865 náà, dúró ti Willingale ní kóòtù, ṣùgbọ́n Willingale kú ní 1870 kí ẹjọ́ tó parí. City of London Corporation ló gba ìjà náà ṣe ní 1871. Wọ́n ti ra ilẹ̀ kan nítòsí láti fi ṣe ibi ìsìnkú, ilẹ̀ yẹn sì sọ wọ́n di ọ̀kan nínú àwọn tó ní ẹ̀tọ́ láti da ẹran nínú igbó. Ní 1874, adájọ́ dá wọn láre pé gbogbo ọgbà tí àwọn onílẹ̀ ṣe láàárín ogún ọdún ṣáájú kò bófin mu. Òfin ọdún 1878 wá pàṣẹ pé kí ilẹ̀ náà wà láìsí ọgbà, láìsí ilé, fún ìgbádùn gbogbo èèyàn. Ọbabìnrin Victoria wá sí High Beach, ibì kan nínú igbó náà, ní 6 Oṣù Karùn-ún 1882 láti yà á sọ́tọ̀ fún àwọn ará ìlú.

Ohun kan ló yẹ kí ẹni tó ń gbádùn igbó náà lónìí rántí. Òfin kan náà tó dá igbó sí ló gba igi gígé lọ́wọ́ àwọn ará Loughton. £7,000 ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì fi kọ́ gbọ̀ngàn Lopping Hall, tí wọ́n ṣí ní 1884.

Rírìn níbẹ̀

Ìlà-oòrùn London ni ọkọ̀ ojú irin Central line gbà kọjá lọ sí Loughton, Theydon Bois àti Epping, igbó kò sì jìnnà sí ibùdókọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibùdókọ̀ Chingford, tí kì í ṣe ti Central line, wà ní ẹnu igbó gan-an. Ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Centenary Walk, tí wọ́n ṣètò ní 1978, gba Manor Park lọ sí Epping; kìlómítà 24 ni. Ẹni tó bá lágbára lè fi ọjọ́ kan rìn ín, kó wọ ọkọ̀ ojú irin padà.

Ibi tó bá dùn mọ́ èèyàn wà lọ́wọ́ ohun tó ń wá. High Beach ni èrò máa ń pọ̀ sí jù, pàápàá lọ́jọ́ Sunday, torí ibẹ̀ làwọn tó ń gun alùpùpù ti máa ń pàdé mu tíì. Ọ̀rọ̀ alùpùpù ní ibẹ̀ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: wọ́n sáré ìje alùpùpù lórí pápá níbẹ̀ ní 19 Oṣù Kejì 1928, èyí tí ọ̀pọ̀ kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Britain. Ẹni tó fẹ́ dá wà yóò ṣe dáadáa tó bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀ kùtù, tó sì yà kúrò lójú ọ̀nà ńlá. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ kó tó di pé ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí ewé gbígbẹ nìkan ló kù tó ń gbọ́. Abẹ́ igi beech ṣókùnkùn débi pé koríko kì í fi bẹ́ẹ̀ hù níbẹ̀, nítorí náà èèyàn máa ń rí ọ̀nà jíjìn láàárín ìdí igi. Ìgbà ìwọ́wé, láti ìparí Oṣù Kẹwàá, ló lẹ́wà jù: ewé beech á pọ́n bí idẹ, olú á sì gba gbogbo ilẹ̀. Fi ojú nìkan wo olú náà. Wọ́n ti fòfin de kíká rẹ̀.

Àgbọ̀nrín dúdú máa ń kọjá ní ìrọ̀lẹ́, pàápàá ní apá Theydon Bois. Màlúù oníwo gígùn náà wà, tí wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ lọ́rùn kí wọ́n má baà kọjá ibi tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n jẹ̀ dé. Wọn kì í ṣe oníjàgídíjàgan, ṣùgbọ́n èèyàn kò gbọdọ̀ gba àárín ìyá àti ọmọ rẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó rìn jù nínú igbó yìí ni akéwì John Clare, ẹni tí àìsàn ọpọlọ gbé wá sí ilé ìtọ́jú kan ní High Beach ní 1837. Ní Oṣù Keje 1841, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ibẹ̀ lọ sílé rẹ̀ ní Northamptonshire, òun nìkan, nǹkan bíi kìlómítà 130, láìní owó lápò.

Kẹ̀kẹ́

Èèyàn kò nílò ìwé àṣẹ láti gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀. Ọ̀nà fífẹ̀ tí wọ́n da òkúta wẹ́wẹ́ sí wà káàkiri, ó dára fún ẹni tó ń kọ́ kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tóóró tó kún fún gbòǹgbò sì wà fún ẹni tó ti mọ̀ ọ́n gùn. Ìkálọ́wọ́kò wà fún àwọn ibì kan: Loughton Camp, Ambresbury Banks àti àfonífojì odò Loughton. Odi amọ̀ ni méjì àkọ́kọ́, wọ́n ti wà láti nǹkan bí ọdún 500 ṣáájú ìbí Kristi, táyà kẹ̀kẹ́ sì lè wó ohun tí òjò ọdún 2,500 kò lè wó. Ẹlẹ́ṣin máa ń gba ọ̀nà kan náà. Ó yẹ kí ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ dẹwọ́, kó sì fọhùn kó tó kọjá lẹ́yìn ẹṣin.

Ọkọ̀ ojú irin kì í gba kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé ká ní àsìkò tí èrò iṣẹ́ bá pọ̀.

Ohun tó yẹ kí ẹni tó dá lọ mọ̀

Ẹrẹ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, ilẹ̀ amọ̀ náà lè gbé bàtà mì. Eégbọn wà nínú koríko gíga nígbà ooru, ó sì lè kó àrùn Lyme ran èèyàn, nítorí náà ṣòkòtò gígùn dára, kí èèyàn sì yẹ ara rẹ̀ wò bó bá délé. Ẹ̀ka beech ògbólógbòó máa ń já lójijì nígbà ìjì. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá le. Ọ̀nà pọ̀, wọ́n sì jọra, ó sì rọrùn láti ṣìnà. Máàpù Ordnance Survey Explorer 174 ló ṣàfihàn gbogbo rẹ̀. Bí èèyàn bá sọ fún ará ilé kan ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa dé, ó ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó yẹ.

Ní ìparí igbó lápá àríwá, ọ̀nà márosẹ̀ M25 ní láti kọjá lábẹ́ Bell Common, tó jẹ́ apá kan igbó náà. Nítorí òfin 1878, wọn kò lè la igbó náà sí méjì, inú ilẹ̀ ni wọ́n sin ọ̀nà náà sí ní àwọn ọdún 1980. Pápá kíríkẹ́ẹ̀tì ló wà lórí rẹ̀ báyìí.