Einstellung: Bí Èrò Àkọ́kọ́ Ṣe Ń Dínà Mọ́ Èyí Tó Dára Jù

Ẹni tó ti jókòó ti iṣẹ́ láti àárọ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ ò gbéra á sọ pé orí òun ti pa, pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà mọ̀ ọ́n, télọ̀ tó ń wá àrà tuntun fún aṣọ ìyàwó náà mọ̀ ọ́n. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, orí ọ̀hún ò ṣófo rárá. Èrò kan ló ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí kò jẹ́ kí òmíràn wọlé. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ń pè é ní Einstellung, ọ̀rọ̀ èdè Jámánì: kí ọpọlọ máa tọ ọ̀nà tó ti mọ́ ọn lára, kódà nígbà tí ọ̀nà tó yá jù bẹ́ẹ̀ lọ wà níwájú rẹ̀ gbangba.

Onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá kan, Abraham Luchins, ló fi omi dán an wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1942. Ó ní kí àwọn èèyàn fi ìkòkò mẹ́ta wọn omi. Ìkòkò kìíní gba ìwọ̀n 21, èkejì gba 127, ẹ̀kẹta gba 3. Kí wọ́n wọn 100 jáde. Béèyàn bá rò ó díẹ̀, á rí i: ẹ pọn ìkòkò kejì kún, ẹ fi ti kìíní bù ú kúrò lẹ́ẹ̀kan, ó ku 106, ẹ wá fi ẹ̀kẹta bù ú kúrò lẹ́ẹ̀mejì, ó ku 100 géérégé. Luchins fún wọn ní irú ìṣirò yìí léraléra, ọgbọ́n kan náà ló sì ń yanjú gbogbo wọn. Ìgbà tó mọ́ wọn lára tán ló gbé èyí kalẹ̀: 23, 49 àti 3, ẹ wọn 20.

Ẹ gbìyànjú rẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó kà síwájú.

Ẹni tí kò ṣe àwọn ti ìṣáájú á kàn bu 3 kúrò nínú 23, ó parí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ṣe wọ́n ló lọ pọn 49, tí wọ́n bu 23 kúrò, tí wọ́n tún bu 3 lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n rí 20 lóòótọ́, àmọ́ wọ́n rin ìrìn tí ò yẹ. Lẹ́yìn náà ni wàhálà gan-an dé: 28, 76 àti 3, ẹ wọn 25. Ọgbọ́n àtijọ́ ò lè yanjú èyí, 42 ló máa kù. Kí wọ́n bu 3 kúrò nínú 28 péré ni. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò rí i ṣe. Orí wọn pé; ọgbọ́n tó ti gbè wọ́n tẹ́lẹ̀ ló so wọ́n mọ́lẹ̀.

Ó ń ṣe àwọn ọ̀gá iṣẹ́ náà. Ní 2008, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Bilalić, McLeod àti Gobet, gbé eré ṣẹ́ẹ̀sì síwájú àwọn tó mọ̀ ọ́n ta. Ọ̀nà ìṣẹ́gun kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wọn mọ̀, òmíràn tó kúrú jù sì fara pamọ́. Àwọn ọ̀tayò náà ní àwọn ń wá èyí tó kúrú, wọn ò sì purọ́. Àmọ́ ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ojú wọn fi hàn pé ibi tí èrò àkọ́kọ́ wà lojú wọn ṣì ń padà sí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi fara mọ́ ọ̀gá tó ń dúró sórí òṣìṣẹ́ pé kó túbọ̀ tẹra mọ́ ọn. Títẹra mọ́ ọ̀nà tó ti dí ò lè ṣí i. Kí èèyàn kúrò nídìí rẹ̀ ló máa ń ṣiṣẹ́. Onímọ̀ ìṣirò ọmọ ilẹ̀ Faransé nì, Henri Poincaré, sọ ní 1908 pé òun ti ń bá ìṣirò kan yí kóun tó kúrò nílùú Caen lọ sí ìrìn àjò tó mú òun gbàgbé rẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ sórí ọkọ̀ èrò nílùú Coutances ni èrò tó ṣe pàtàkì jù já sí i lọ́kàn. Ẹ má gbàgbé pé ó ti ṣiṣẹ́ kára kó tó lọ. Ẹni tí ò gbé nǹkan lé iná ò lè retí pé kó jinná. Àlàyé kan táwọn onímọ̀ máa ń ṣe ni pé téèyàn bá kúrò, ọ̀nà tí ò dáa á rẹ̀yìn lọ́kàn rẹ̀, èyí tó kù á ráyè.

Ìrìn ẹsẹ̀ dáa fún un. Oppezzo àti Schwartz ti Yunifásítì Stanford rí i ní 2014 pé àwọn tó ń rìn ń mú èrò tuntun jáde ju àwọn tó jókòó lọ, kódà nígbà tó jẹ́ orí ẹ̀rọ tó ń jẹ́ kéèyàn rìn lójú kan ni wọ́n wà, tí wọ́n kọjú sí ògiri. Ti fóònù tí ọ̀pọ̀ wa máa ń sá sí, mi ò kà á sí ìsinmi, torí ńṣe ló ń kó èrò ẹlòmíràn wọlé.

Tí kò bá sáyè àtijáde, ẹ kọ èrò àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì fòfin dè é. Ẹ wo ẹni tó ń ṣe ìwé ìpè ọjọ́ ìbí: àwòrán ọlọ́jọ́ ìbí láàárín, góòlù yí i ká, lẹ́tà tó rí kọ́lọkọ̀lọ lókè. Kó sọ fún ara rẹ̀ pé fún wákàtí kan, kò sí àwòrán láàárín, kò sí góòlù. Inú á kọ́kọ́ bí i. Àmọ́ ó di dandan kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ọlọ́jọ́ ìbí náà, màmá ẹni 70 ọdún, ń tà lọ́jà, irú aṣọ tó fẹ́ràn, oríkì tí wọ́n fi ń kí i. Ibẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá.